Pèrègún Àárín Ọgbà Ẹ̀fọ́

Etí ni Yorùbá ń pè é, ọ̀rọ̀ ti parí. Etí odò, etí aṣọ, etí ọ̀nà, etí abọ́, etí igbó: orúkọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́ fún gbogbo wọn. Òyìnbó kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti ní ibi tó parí sí, àfi kí wọ́n sọ ibẹ̀ lórúkọ bí ẹni ń sọmọ lórúkọ. Etí fìlà, "brim" ni. Etí korobá, "rim." Etí síkẹ́ẹ̀tì, "hem." Etí títì tí àwọn oníṣu sísun ń jókòó sí, "verge." Etí ọ̀gbun, "brink," ẹni tó bá sì dé ibẹ̀ kò tún ráyè wá èdè mìíràn mọ́.

Rosemary ló ń fi gbogbo èyí kọ́ àwọn ọmọ lẹ́sìnnì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Mówè, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrín-ganrín. Tísà ni Rosemary. Ilé ìwé aládàáni tó ti ń kọ́ni ní Ìbàfò ti kógbá sílé, lẹ́sìnnì yìí ló sì kù tó ń jẹ́ kó ṣì lè pe ara rẹ̀ ní tísà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò tó wọn. Àwọn tó bá pẹ́ dé, etí gọ́tà ni wọ́n ń jókòó sí, oòrùn á máa pa wọ́n lẹ́yìn. Bí òjò bá ṣú, kí tísà tó ní kí wọ́n pa ìwé dé, wọ́n ti sá lọ ilé. Gbogbo ohun tí Rosemary ń fẹ́ láyé kò ju òpó mẹ́rin, páànù lórí wọn, àti pátákó ìkọ̀wé kan. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí òun àti ọkọ rẹ̀ rà kò tó púlọ́ọ̀tì kan. Ilé àti táǹkì omi ti jẹ ẹ́ tán.

"Àǹtí," Nurat ní, "kí ni difference tó wà láàárín margin àti boundary? Ṣebí etí náà ni àwọn méjèèjì."

Ọmọbìnrin yìí máa ń béèrè ọ̀rọ̀ tó ń já tísà láyà. Rosemary gba ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka lé ìlà pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé.

"Kí ló dé tí o kì í kọ̀wé kọjá ibí yìí?"

"Torí pé ẹ̀yin lẹ máa ń kọ tiyín síbẹ̀."

"O ti dá ara ẹ lóhùn. Margin ni àyè tí o fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Boundary ni ibi tí tìẹ parí sí. Ẹni tó fi margin sílẹ̀, inú rere ló ṣe. Ẹni tó kọjá boundary, olè ló jà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ lẹ́tí, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àwọn tísà ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kò mọ̀ pé òun ni yóò kọ́kọ́ jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tún bi í pé ṣé lóòótọ́ ni pé "outskirts," etí ìlú Èkó, ni Mówè. Kí Rosemary tó fèsì, ohùn àgbà kan ti dáhùn láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

"Èkó ló wà létí tiwa. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Ìyá Hàfísátù ni. Ọmọ bíbí Mówè ni, opó, ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló ń rí báyìí. Nurat ni ọmọ ọmọ rẹ̀. Hàfísátù, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, wà nílé ọkọ ní Ìfọ̀, ó sì fi Nurat sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kó lè máa mú un lọ́wọ́. Lójoojúmọ́ ni Ìyá ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ tó ń gbọ́ lẹ́sìnnì láìsanwó.

Ilẹ̀ tí Ìyá jókòó lé kò níwèé. Ẹnu ni ọkọ rẹ̀ fi fún un kó tó kú, lójú gbogbo ẹbí: "Láti ìdí pèrègún dé ìdí àgbálùmọ̀, ti ìyá Hàfísátù ni." Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. A gbin pèrègún sí ààlà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a jiyàn, nítorí pé pèrègún kì í kú, kì í sì í rìn. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Àwọn ará Èkó ń dé lójoojúmọ́, ilẹ̀ ń wọ́n, Ìyá kò sì bí ọkùnrin. Ó mọ̀ dájú pé bí òun bá kú láìri òpó sìmẹ́ǹtì mọ́ ààlà yẹn, wọn yóò sọ fún Nurat pé opó kì í ní ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n bá òun wá awọnlẹ̀.

Mùsáfírù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni olórí ẹbí báyìí. Kútọnu ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà wálé. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó rin ilẹ̀ náà yíká, ó rí pèrègún tó tò lọ gbọọrọ, ó sì rí i pé àyè kan wà láàárín pèrègún náà àti ògiri ilé Rosemary. Ó gba ọ̀dọ̀ Rosemary àti ọkọ rẹ̀ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Tísà, ilẹ̀ ẹbí kan wà láàárín yín àti ìyàwó wa. Kò sí nínú ìwé tiyín, pèrègún sì ti yọ ọ́ kúrò nínú tiẹ̀. Ẹ̀yin la fẹ́ kọ́kọ́ fi lọ̀. Bí ẹ ò bá rà á, ẹlòmíì á rà á."

Adébánjí, ọkọ Rosemary, fò dìde, ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Rosemary gbé kọ́ọ̀bù omi rẹ̀ sílẹ̀ láìmu ún.

Ohun tó dé rèé. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ra ilẹ̀ wọn, Ìyá Hàfísátù ló gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ Ìfọ̀ kí wọ́n lè tọ́jú ojú rẹ̀ níbẹ̀, Ìyá sì sọ fún Rosemary pé kó gbin ẹ̀fọ́ sí ìkángun ilẹ̀ òun kí igbó má baà gbà á. Bó ṣe lọ tán ni arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àdúrà Rosemary wá wo ilẹ̀ náà. Ó rí pèrègún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí, ó sì kígbe Jésù. Igi òrìṣà ni, ó ní, ẹni tó bá gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní í ríṣẹ́ ṣe. Ọmọ Èkó ni Rosemary, Ìyànà-Ìpájà ni wọ́n bí i sí. Níbo ni yóò ti mọ pèrègún? Ó ní kí àwọn bíríkìlà gé gbogbo rẹ̀ délẹ̀. Àdúrà ni wọ́n fi lé e.

Adébánjí ní tirẹ̀ kì í fi nǹkan ṣòfò. Ẹni tó ń tọ́jú ọ̀rá búrẹ́dì ni. Ó rí igi gbọọrọ-gbọọrọ nílẹ̀, ugú ìyàwó rẹ̀ sì ń wá ohun tí yóò gùn. Igi ni igi, ó ní. Ó ṣà wọ́n, ó sì fi wọ́n gún ilẹ̀ lọ tààrà ní ọgbà ẹ̀fọ́ náà, jìnnà wọ inú ilẹ̀ Ìyá. Òjò rọ̀. Igi yọ ewé. Ìgbà tí Ìyá fi máa ti Ìfọ̀ dé, tí àwọn dókítà ti ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, pèrègún ti wà ní ìdúró lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí ọkọ rẹ̀ gbìn ín sí. Ìyá kò ríran rí i. Nurat kò tíì dé Mówè nígbà náà. Rosemary rí i, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ilé kíkọ́ gbà wọ́n lọ́kàn, wọ́n sì gbàgbé. Èèyàn máa ń gbàgbé ohun tí kò bá dùn ún.

Nísinsìnyí, bí awọnlẹ̀ bá wọn ilẹ̀ láti ìdí pèrègún inú ẹ̀fọ́ náà dé ìdí àgbálùmọ̀, ohun tí yóò kù fún Ìyá kò ní ju yàrá rẹ̀ àti àbà tó ti ń yan gàrí lọ. Ibi tí Nurat lè kọ́lé sí yóò bọ́ sọ́wọ́ Rosemary, pẹ̀lú òpó mẹ́rin àti páànù.

"A ò gba nǹkan ẹnikẹ́ni," Adébánjí sọ nígbà tí Mùsáfírù ti lọ. "Ẹni tó ń ta ilẹ̀ la fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé àwa la ní kí wọ́n fi ibẹ̀ ṣe ààlà ni?"

"Dádì Dámiláre, ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ ara yín gún igi yẹn."

"Mo gún un fún ugú. Mi ò gún un fún ilẹ̀."

"Ìyá ò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Rosemary, o ti ń gbàdúrà fún àyè láti ìgbà tí school yẹn ti kógbá sílé. Àyè ti dé, o tún ń bá Ọlọ́run ṣe cross-examination."

Rosemary yíjú síta. Ó ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo etí gọ́tà, ó sì ń fojú inú wo páànù tuntun. Ó fẹ́ ilẹ̀ náà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé kò fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ti mọ apá ibi tí pátákó yóò kọjú sí.

Ọjọ́ ìwọnlẹ̀ pé. Ládi ni orúkọ awọnlẹ̀ náà, ọ̀dọ́mọbìnrin láti òkè Ọya, tí kò gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" lọ nínú Yorùbá. Mùsáfírù kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀. Faransé Kútọnu ló wà lẹ́nu tirẹ̀. Nítorí náà wọ́n ní kí tísà wá ṣe ògbufọ̀. Òun náà ni gbogbo àdúgbò máa ń pè bí òyìnbó bá ti fẹ́ le jù.

Ìyá Hàfísátù fi ọwọ́ lé èjìká Nurat, wọ́n rọra rìn dé inú ọgbà ẹ̀fọ́. Ó wọ aṣọ dáadáa, ó sì wé gèlè bí ẹni ń lọ ibi ìkómọ. Ó na ọwọ́, ó wá igi náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á.

"Ọkọ mi ló gbìn ín," ó ní. "Hàfísátù ò tíì máa rìn nígbà náà. Ó ní, 'Bí ẹnikẹ́ni bá tì ẹ́, fẹ̀yìn ti èyí.'" Ó ń fi àtàǹpàkò pa igi náà lára lọ sókè, lọ sísàlẹ̀. "Ó ti tín-ín-rín. Mi è mọ̀ pé igi náà máa ń rù bí èèyàn bá ń darúgbó."

Ọkàn Rosemary bàjẹ́. Omijé lé sójú rẹ̀, ó yíjú kúrò.

Ládi tú téèpù rẹ̀, ó sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ààlà nìyẹn. Rosemary yí i sí Yorùbá fún Ìyá.

"Ààlà ni," Ìyá dáhùn. "Ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi tí ọwọ́ mi wà yìí."

Ó wá ku kí tísà yí ìyẹn padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni, ògbufọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ fi ti ara rẹ̀ kún un. "She says this is the boundary": ọ̀rọ̀ náà ti tò sórí ahọ́n rẹ̀. Adébánjí tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wúkọ́. Nurat gbé orí sókè, ó ń wo tísà rẹ̀ bó ṣe máa ń wò ó bó bá ti béèrè ọ̀rọ̀ tó ń dúró de ìdáhùn.

"No," Rosemary sọ fún Ládi. "This is not the boundary. These are the sticks from my vegetable garden."

Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú ewé ugú, ó di ọwọ́ Ìyá mú.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọwọ́ lára igi yẹn. Kì í ṣe tọkọ yín. Àwa la gún un síbẹ̀."

Mùsáfírù bínú. "Tísà, pèrègún kì í rìn."

"Kò rìn, sà. Àwa la gbé e."

Ó mú wọn lọ sẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀, síbi tí wọ́n gbé táǹkì omi lé orí sìmẹ́ǹtì. Létí sìmẹ́ǹtì náà, ọ̀mùnú pèrègún mélòó kan ti yọrí. Ó ti da omi iyọ̀ sí wọn títí, ó ti gé wọn títí, bí òjò bá sì ti rọ̀ wọn á tún jáde. Mùsáfírù gba àdá, ó wú ilẹ̀ ìdí wọn. Kùkùté ló bá níbẹ̀, ó ki bí itan ọmọdé, gbòǹgbò rẹ̀ sì wọlọ sábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Ó bá òmíràn níwájú, lórí ìlà kan náà. Mùsáfírù lóṣòó síbẹ̀. Ilẹ̀ tó ti fẹ́ tà ló ń wò, ó sì rí i pé kì í ṣe tẹbí.

Ládi na okùn rẹ̀ láti kùkùté kan sí èkejì. Okùn náà gba abẹ́ táǹkì kọjá.

"Táǹkì á kúrò níbẹ̀ nìyẹn," Adébánjí sọ, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

"Á kúrò," Rosemary ní.

Ìyá ní kí Nurat mú òun débẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan kùkùté náà, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Ta ló ní kí ẹ gé e?"

"Èmi ni, mà. Wọ́n ní igi òrìṣà ni."

"Èmi tí mo ń kírun lójoojúmọ́ ni mo ń bọ òrìṣà lẹ́yìn ilé ẹ?"

Rosemary kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté náà.

"Ìyá Dámiláre, ẹ̀fọ́ ọgbà yẹn, a jọ ń jẹ ẹ́ ni. O è sì bi mí."

"Mi ò bi yín, mà."

"Ká ní o bi mí, ǹ bá ti sọ fún ẹ."

Wọ́n ri òpó sìmẹ́ǹtì mọ́ ibi tó yẹ, láti kùkùté dé ìdí àgbálùmọ̀, gbogbo ilẹ̀ náà sì pé fún Ìyá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, Rosemary kí i, kò jẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e pàápàá, kò jẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ lẹ́sìnnì dé, ohùn tó máa ń dá wọn lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ kejì kò sọ nǹkan kan. Adébánjí tú táǹkì rẹ̀ kúrò láìráhùn, ó ń bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó yé sunkún, ó ní òun lòun gún igi náà. Òtítọ́ korò lóòótọ́, àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ ẹni tó ti fẹ́ràn rẹ korò jù ú lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, Nurat wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, Grandma ní kí ẹ máa bọ̀. Wọ́n ní kí ẹ mú àdá dání."

Ìyá ti jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó sìmẹ́ǹtì tuntun. "Òyìnbó ti ri tiẹ̀," ó ní. "Ó ku tiwa. Lọ gé pèrègún díẹ̀ wá nínú ọgbà. Fi ìyókù sílẹ̀."

Rosemary gé e. Ẹni tó ní kí wọ́n gé pèrègún délẹ̀ ló wá gbẹ́ ihò fún un. Ẹ̀rù igi náà kò tíì tán pátápátá nínú rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. Bó ṣe ń ki igi bọ ilẹ̀, ó ń sọ lábẹ́ èémí pé, "Ní orúkọ Jésù."

"Àmín," Ìyá dáhùn. "Jẹ́ kó wọlẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ìgbà tó gbìn ín tán, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun yóò wá fa ìyókù tó wà láàárín ẹ̀fọ́ tu, kó má baà tún ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

"Mo ní kí o fi sílẹ̀."

"Ìyá, ilẹ̀ yín ni."

"Ilẹ̀ mi ni. Mi è tà á, mi è sì fi tọrẹ. Nurat ló ni ín." Ó kọjú sí apá ibi tí gọ́tà wà. "Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń lé àwọn ọmọ yẹn kúrò létí gọ́tà, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Sọ fún ọkọ ẹ kó ri òpó sáàárín pèrègún méjèèjì, kó kan páànù lé e fún wọn. Ọjọ́ tí Nurat bá fẹ́ kọ́lé, ẹ ó hú u."

Rosemary bú sẹ́kún.

"Margin nìyẹn, Grandma," Nurat ní.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Àyè téèyàn fi sílẹ̀ fún ẹlòmíì."

"Ẹ̀yin àti òyìnbó yín," Ìyá sọ. Ó yí ara padà lórí àpótí, ó wá pèrègún tuntun náà kàn, ó sì fẹ̀yìn tì í bí ọkọ rẹ̀ ṣe sọ fún un nígbà kan. Igi náà kò tíì mú ilẹ̀, ó ń mì. Rosemary fi orúnkún wọ́ lọ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú ṣinṣin, títí Ìyá fi sinmi tán.